Bàtà Ẹnu Ààrò Búrẹ́dì

Fìdítì, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dáná sun Màmá onílé mi lónìí, èmi ni mo sì fà á.

Mo rí sílípáàsì wọn lẹ́nu ààrò alámọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Òjò ti ṣú, mo bá gbé e wọlé kó má baà tutù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti gbé mi wá sí ìlú yìí, kíkí nìkan ni mo ń kí wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá wọ inú ààrò lọ láti fi amọ̀ rẹ́ ẹ ló ń fi bàtà sẹ́nu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dáná.

Bọ̀dá Làmídì tó ń dáná wo ẹnu ààrò, kò rí bàtà. Ó ti igi bọ̀ ọ́, ó ṣáná sí páálí.

Mo gbọ́ ikọ́ nínú ààrò. Igbe kò jáde lẹ́nu mi, mo kàn di ọwọ́ Bọ̀dá mú.

"Làmídì, ṣé búrẹ́dì ni mí?" Ohùn Màmá nìyẹn, láti inú òkùnkùn.

Bọ̀dá tẹ iná páálí pa, ó fa igi kúrò, Màmá sì rá jáde, amọ̀ kún orí wọn. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo gbé bàtà yín."

"Háà, ọmọ yìí mà lóhùn! Ó ku inú lọ́hùn-ún tí mi ò tíì rẹ́. Lọ́la, ìwọ ni o máa dúró sẹ́nu ààrò fún mi."

Bọ̀dá Làmídì rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dáa, mà."

Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbé iná dé, ṣé màá lè pariwo?