Òògùn Òtútù tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà

Bassou, ọmọ mi,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé ara le ní Kasabulánkà? Ṣé ò ń jẹun àbí tíì nìkan lò ń mu? Ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń fi ojú rere wò ọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o sin ẹni tí kò ní mọ rírì rẹ, kí ó sì máa ṣọ́ ọ ní títì tí wọ́n ń sá kiri níbẹ̀ yẹn. Àmín. Gbogbo wa ní Tizi Wulli ń kí ọ. Màlúù funfun ti bí. Ewúrẹ́ Zayd aládùúgbò wa tún jẹ aṣọ tí mo sá, mo bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ìjà ti parí.

Má rò pé tẹlifóònù ló bàjẹ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ohùn rẹ tí o fi sínú rẹ̀ ni kò dá mi lóhùn. Ó ní òun ti fi òògùn òtútù kan ránṣẹ́ fún ọkọ̀ bàbá rẹ, kí á dà á sínú dísẹ́lì kí òtútù tó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bi í pé ṣíbí mélòó. Kò fọhùn. Mo tún un tẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, ó sọ ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan, kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un. Mo bi í tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ó ti rẹ ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún olùkọ́ wa ní mọ́sálásí tó fi sùúrù kọ́ àwa arúgbó ní ìwé, bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ta ni ǹ bá bẹ̀ kó bá mi kọ ọ́?

Ìgò náà dé, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ló gbé e wá. Bàbá rẹ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ṣúgà lórí pẹpẹ. Ó ní ara Ìyá Àgbà yá, ta ló ń fún ẹni tí kò ṣàìsàn lóògùn? O mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn eyín ẹnu rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń pè é ní Ìyá Àgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé pẹ̀lú ariwo. Ó tún ní ṣé mi ò rí ọkọ̀ Zayd ni. Òótọ́ sì ni. Gbogbo ìgò tí Zayd bá rí lọ́jà ló ń dà sínú dísẹ́lì rẹ̀, ọ̀kan ní í fọ inú ọkọ̀, ọ̀kan ní í fún un lágbára, ọ̀kan ní í pa èéfín. Ọkọ̀ náà wá kú sọ́nà. Mẹkáníìkì ní Azrou tú u palẹ̀, ó ní asẹ́ epo rẹ̀ ti dí, Zayd kò pààrọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, asẹ́ tuntun àti epo tó mọ́ ni ọkọ̀ ń wá, Zayd sì ń fún un lóògùn. Ọkọ̀ Zayd ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì títí di òní, Ìyá Àgbà nìkan ló kù fún gbogbo wa lórí òkè yìí.

Ohun tó sì ń já mi láyà nígbà náà nìyẹn, Bassou. Oyún Itto ẹ̀gbọ́n rẹ ti pé oṣù rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún un pé ìdí ni ọmọ náà kọ sísàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bímọ sílé. O rántí ọdún tó kọjá, tí dísẹ́lì dì bí ọ̀rá àgùntàn nínú Ìyá Àgbà, tí a fi ìbaaka gbé Fadma àbúrò mi sọ̀kalẹ̀. A ò gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Mo ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ kúbùsù. Mi ò lè rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn àgùntàn kọ̀, wọn ò jáde nínú ọgbà, ìkùukùu sì bo orí òkè. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ti lọ kírun. Mo gbé ìgò náà, mo fi ìka tẹ̀lé ìwé ara rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ìdérí kan fún lítà mẹ́wàá, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì ogún lítà méjì ni bàbá rẹ dà sínú táǹkì tó ti gbẹ, ìyẹn jẹ́ ìdérí mẹ́rin. Wọ́n ní kí á gbé e jìnnà sí ọmọdé, mo kó àwọn ọmọ Itto lọ sílé Zayd kí wọ́n sùn síbẹ̀. Wọ́n ní kí ó má kan ojú, mo bá di ojú mi méjèèjì pinpin, ìdérí àkọ́kọ́ sì dà sínú bàtà mi, n ò ka ìyẹn mọ́ ọn. Mo ti kọ́kọ́ fi ìgò náà sí àyà kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má baà ta Ìyá Àgbà lójijì. Mo ṣe Bísímílà sí ẹnu táǹkì. Kí bàbá rẹ má baà mọ̀, mo fi òróró ólífì kún ìgò padà, mo gbé e sẹ́yìn ṣúgà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yìnyín ti dé orúnkún, omi sì dà lára Itto, ó ń rọbí. Bàbá rẹ sáré jáde láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ó gbé ìkòkò ẹyín iná sábẹ́ táǹkì, ó ká aṣọ ìgbéyàwó mi kúrò lára ògiri, èyí tí mo fọwọ́ ara mi hun, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán yẹn, ó fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì! Ó wá gbé ìgò dé, ó ní Ìyá Àgbà ti wá ń ṣàìsàn báyìí, àsìkò òògùn ló dé yìí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní bàbá Bassou, ẹ dákun, òróró ọbẹ̀ ni, mo ti fún un ní tòótọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó wò mí. Láti ogójì ọdún, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá Àgbà húkọ́. Ó tún un yí, ó tún húkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ké tòò, ọkọ Itto sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n nà.

A dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìyá àti ọmọ ń bẹ láyọ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní kí n kọ orúkọ ẹni tó gbé aláìsàn wá, mo kọ bàbá rẹ, mo kọ Ìyá Àgbà. Nọ́ọ̀sì ní kí Ìyá Àgbà ó wọlé wá jókòó, òtútù ń mú níta. Mo ní ó ti fi aṣọ mi bora.

Mẹkáníìkì ti là á yé mi. Ó ní òògùn òtútù yẹn dára bó bá wọlé kí epo tó dì, tó bá ti dì tán, asán ni. Ìyókù tí Zayd ń rà, ó ní kó fi owó rẹ̀ ra asẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ni bàbá rẹ ti ń sọ pé ẹyín iná ló jí ọkọ̀. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Aṣọ mi ń rùn dísẹ́lì, mo tún gbé e kọ́ sára ògiri bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fún asẹ́ tuntun àti ẹran ìsọmọlórúkọ. Bàbá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ìgò yẹn kò ṣe nǹkan kan. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí o fi òmíràn ránṣẹ́ kí òtútù ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni kí o kọ sára rẹ̀, kí o má kọ tòun, torí òun á tún gbé e sẹ́yìn ṣúgà.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní aya rere, kí ọ̀nà rẹ má dì láé, kí a jọ jókòó jẹun kí n tó darúgbó ju báyìí lọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Fadma.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tuda