Oríkì Tí Mujeebat Kọ́ Mi

                                        Agboolé Onígàárì,
                                        Bẹyẹrúnkà,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Morádéyọ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Leeds níbẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹniọlá kékeré ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti hù tán? Mo mọ̀ pé òtútù ò tíì dé, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kí òun náà sílẹ̀. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Inú ló korò.

Ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá ti parí ìdánwò àṣekágbá, kí n wá lo oṣù mẹ́ta nílé bàbá mi, kí Yorùbá mi lè dán. Mo gbọ́ràn. Mujeebat, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbà mí sí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ orí wa kan náà ni, òun náà sì ń parí yunifásítì lọ́dún yìí. Ẹ̀kọ́ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń kọ́. Gbogbo kànga àdúgbò yìí, láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé ìsàlẹ̀ Mápó, ló ti fi ìgò kéékèèké bu omi wọn lọ yẹ̀ wò. Ó mọ èyí tó ń da inú ọmọdé rú àti èyí téèyàn lè mu. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti fọ ìgò rẹ̀ tán, á jókòó tì mí, á máa kọ́ mi ní oríkì agboolé wa, oríkì àwọn tó ń rán gàárì ẹṣin. Bí mo bá ṣì í, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀: “Jamilah, ìwọ lo wá di ẹṣin tí wọ́n ń gùn yẹn o!”

Àwọn ọmọ Ìbàdàn kan tó wà l'Amẹ́ríkà gbé sikọ́láṣíìpù kalẹ̀ fún àwọn tó ń parí yunifásítì, láti lọ gba oyè kejì lókè òkun. Agboolé kọ̀ọ̀kan á fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀, Mọ́gàjí, olórí agboolé, á sì lu òǹtẹ̀ pé ọmọ òun ni lóòótọ́. Ọdún méjì ni Mujeebat ti ń retí ẹ̀. Kò tún sọ́nà mìíràn fún un. Bàtà rọ́bà ni ìyá rẹ̀, Àǹtí Sìdí, ń tà l'Óríta-mẹ́rin.

Ó ní kí n sin òun lọ gba fọ́ọ̀mù náà lọ́dọ̀ Bàbá Mọ́gàjí, Alhaji Yésúfù, kí n lè tipa bẹ́ẹ̀ kí wọn. Èmi ni mo múra jù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀: “Ọmọ Onígàárì, ọmọ a-rán-awọ-bí-àrán, ẹṣin kì í sọ ọmọ yín nù lójú ogun…” Mi ò dúró títí mo fi kì í tán. Bàbá dìde lórí àga.

“Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ wa tó dàgbà sílùú Ọba! Àwọn tó wà ńlé ńkọ́? Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀!”

Mujeebat tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n nawọ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá bi mí ní orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, àti ìgbà tí mo parí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi, nínú agboolé yìí, bí àgbà bá ti bèèrè orúkọ ẹni àti ti bàbá ẹni, àdúà ló fẹ́ ṣe. Gbogbo àgbà tí mo ti kí láti ọjọ́ tí mo dé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn ketekete. Mi ò tilẹ̀ wo Bọ̀dá Ishaq, akọ̀wé wọn, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àdúà náà sì wáyé lóòótọ́: “Ọlọ́hun á mú ọ débẹ̀, wàá lọ, wàá bọ̀.” Àmín tèmi ló ròkè jù. Ìgbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ tán, tí Mujeebat fi ọwọ́ méjèèjì gba fọ́ọ̀mù, ló rí i pé orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo ké pé àṣìṣe ni. Bàbá ní kì í ṣe àṣìṣe. “Mujeebat gbọ́n, mo mọ̀. Àwọn agboolé yòókù náà lọ́mọ tó gbọ́n. Ta ló lọ́mọ tó kàwé nílùú Ọba, tó tún ń ki wá báyìí?” Mo ní Mujeebat ló kọ́ mi. Wọ́n ní, “Olùkọ́ rere ni. Ṣé olùkọ́ ló wá ń gba ẹ̀bùn ni?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo mú Ìyá Àgbà dání lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní Mọ́gàjí kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún padà lá a. Ẹ má sọ fún mi pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tó dùn létí wọn ni wọ́n fi ọjọ́ ọ̀la ọmọ rà. Èmi tí mo ti òkè òkun wá ni wọ́n fẹ́ rán lọ sókè òkun!

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lọ́nà Agodi, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní òun lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ti ẹlòmíràn rọ́pò láìsí òǹtẹ̀ Mọ́gàjí. Mo ní kó yọ ọ́. Ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Jímọ̀ọ̀ tó kọjá ni wọ́n pa ìwé dé, kò sì sí ọmọ Onígàárì kankan níbẹ̀.

Mo rò pé ìyẹn á tu Mujeebat àti ìyá rẹ̀ nínú. Àǹtí Sìdí rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, “Kò burú, ọmọ mi. Ẹni tí oúnjẹ kún ilé ẹ̀ ni ààwẹ̀ máa ń rọ̀ lọ́rùn.” Òótọ́ ni.

Inú yàrá kan náà la ṣì jọ ń sùn. Àwọn ìgò rẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lánàá mo bá a nídìí kànga ẹ̀yìnkùlé, ó ń fa omi ìfọṣọ. Mo kí i bó ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́: “Ọmọ Onígàárì, o kú iṣẹ́ o.” Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn. Láti ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn, kò tíì bá mi sọ Yorùbá kan.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko Ẹniọlá lẹ́nu fún mi. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá wa ọjọ́ Sátidé pé kí wọ́n má bínú: oríkì tí mo ṣèlérí pé màá kì fún wọn bí mo bá dé, mi ò ní lè kì í mọ́.

                                        Àbúrò yín ni mí níbikíbi,
                                        Jamilah.