Ọwọ́ Adéìfẹ́ Ló Ń Ra Ẹyin

Inísà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Láníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárò ọmọ. Ìbàdàn tó o wà yẹn, ire ni wọn yóò máa fi ọ́ ṣe níbẹ̀. Ara wa le, àfi orúnkún mi, ìyẹn náà sì ti mọ́ mi lára.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ o. Nígbà tó o gbé Adéìfẹ́ wá lẹ́yìn tó o já a lẹ́nu ọmú, tó rù kan eegun, tó ń tu ògì dànù, ẹ̀rù bà mí, n kò kàn sọ fún ọ ni. Ìwọ àti nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un lẹ́yin. O ṣáà mọ̀ pé a kì í fún ọmọdé lẹ́yin nílé wa kó má baà di olè. Ìyá mi kò fún mi, èmi náà kò fún ọ. Ṣùgbọ́n o sunkún lórí fóònù, ẹkún rẹ kò sì kúrò létí mi. Mo wá rò ó pé ọmọ tó ń jẹ ohun dídùn tí kò mọ bí owó rẹ̀ ṣe jáde ni yóò rò pé ohun gbogbo kàn wà nílẹ̀ fún mímú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra ẹyin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Màá fi owó há a lọ́wọ́, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọmọ́dára tó ń ta ẹyin, yóò sanwó, yóò na ọwọ́ kejì, wọn ó sì gbé ẹyin fún un. Ó ti sanra báyìí, ó ń lé adìyẹ kiri àdúgbò bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Má bínú pé mo máa ń da gèlè bo fóònù bó o bá pè wá ní fídíò nígbà tó ń jẹun. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ tó ń wo ọmọ lẹ́nu.

Owó tó o fi sínú fóònù ló dà wá láàmú. Ọmọ́dára bá mi tẹ̀ ẹ́, fóònù ìyá rẹ̀ dún, wọ́n ní owó ti wọlé, wọ́n gbé ẹyin fún wa. Adéìfẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé bàtà pásítọ̀ tó wá kí wa pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Pásítọ̀ ní eré ọmọdé ni, mo ní wọn kò mọ̀ pé ó jẹ ẹyin ọ̀fẹ́. Mo mú un padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọmọ́dára, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó bébà, kò sì tún mú nǹkan oníǹkan mọ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó rán Akeem tó ń wa mọ́tò láti Òkukù lọ sí Ìbàdàn, kó jẹ́ owó bébà kéékèèké. Bí báńkì bá ń ṣagídí, sọ fún wọn pé ẹyin ọmọ la fẹ́ fi rà, àwọn náà bímọ. Fi owó òògùn orúnkún mi sí i.

Nígbà tó o pè lánàá, o ní ojú fóònù ṣàdédé ṣókùnkùn, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Adéìfẹ́ ló mú owó ẹyin rẹ̀, tó fi lé ojú rẹ nínú fóònù, tó na ọwọ́ kejì, tó ń retí kí wọ́n gbé ọ fún un.

Ọlọ́run tó gbọ́ ẹkún rẹ lórí ọmọ yìí yóò mú ọ wálé láyọ̀, yóò sì fi ọ́ lé e lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíkẹ́.