Ohun Tí Mo Rí ní Ilé Ọtí Ará Sikọ́tílándì

                                        Ilé Alàgbà Sàlámì,
                                        Àdúgbò Amoutivé,
                                        Lomé, Togo.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 1937.

Jérôme, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti gbogbo ará ilé wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tí o kọ̀wé pé orí wọn le ju òkúta Atakpamé lọ? Mo kí ọ kú ọyẹ́ o. A gbọ́ pé ọyẹ́ mú gan-an lókè lọ́hùn-ún lọ́dún yìí. Ní tiwa níbí, afẹ́fẹ́ òkun kò jẹ́ kó ráyè. Ara mi le, iṣẹ́ akọ̀wé ń lọ déédéé, mo dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. O ní Bàbá Honoré, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, bá ẹrù òwú wá sí Lomé, pé wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí òyìnbó kan kọjá, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí Odile, àfẹ́sọ́nà rẹ, tó gbé ife wisikí sẹ́nu láàárín àwọn ọkùnrin. O ní ẹbí yóò jókòó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ pé àwọn kò ṣe mọ́. O wá bẹ̀ mí pé kí n lọ wo ibẹ̀, kí Odile má sì mọ ohun tí mo bá wá. Àṣé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lo ti ń pa mọ́ fún mi láti ìgbà tí a jọ wà nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo lọ lánàá. Gbogbo ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, má ṣe fo ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ilé ọtí náà kò jìnnà sí wáfù, afárá gígùn tó wọ inú òkun lọ, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀. Makirée ni orúkọ ẹni tó ni ín. Irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo, ó sì ti ṣe ẹnjiníà nínú ọkọ̀ òkun rí kó tó fìdí kalẹ̀ sí Lomé. Sikọ́tílándì ni ìlú rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Ekọ́ọ̀sì. Mo ṣèèṣì pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kan náà ni àwọn àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ wà, ṣùgbọ́n àwọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì láéláé. Ó yé mi dáadáa, nítorí mo mọ bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá pè ọ́ ní ará Mínà, nígbà tí o kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àná bọ́ sí ọjọ́ àjọ̀dún kan tí wọ́n ń ṣe nílùú wọn, ni ọkùnrin yìí bá ró yẹ̀rì, Jérôme, yẹ̀rì gidi, onílà pupa àti aláwọ̀ ewé, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn káàkiri bí olóyè. Ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè ohun tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹun, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Yàrá méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó kọjú sí òkun jẹ́ ti àwọn òyìnbó. Ti ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ni tiwa, àwa akọ̀wé àti àwọn oníṣòwò láti Bè àti Anécho. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá, mi ò sì ní tìtorí pé oúnjẹ wọn dùn kí n má sọ ọ́. Odile ló ń se oúnjẹ níbẹ̀, òun náà ló sì ń gbé e fún wa ní yàrá ẹ̀yìn. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó bi mí bóyá mo gbúròó rẹ. Mo ní rárá, mo sì bojú wolẹ̀.

Ìwọ tí o fẹ́ràn oúnjẹ, gbọ́ ohun tí wọ́n gbé síwájú mi. Háágìsì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gé ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀rá, àlùbọ́sà àti ọkà kan tó ń ti ìlú wọn wá nínú agolo, wọ́n á rọ gbogbo rẹ̀ sínú àpòlúkù àgùntàn náà, wọ́n á rán ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á sì bọ̀ ọ́. Èmi tí mo ti ń rò pé òyìnbó kì í jẹ inú ẹran! Odile sọ fún mi pé nígbà kan tí kòkòrò wọ ọkà inú agolo, ọkà bàbà lòun lọ̀ sí i, tí Makirée jẹ ẹ́ tán tó ní bí ìyá òun ṣe máa ń sè é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Iṣu tí wọ́n kàn tẹ̀ rẹ́bẹ́rẹ́bẹ́ láì gún un ni wọ́n fi tì í, pẹ̀lú ànàmọ́. Ata kò sí níbẹ̀, àmọ́ Odile mọ̀ mí, ó bu díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wisikí. Odile gbé ìgò wá, ó dà á sínú ife, ó gbé e síwájú mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Mi ò nawọ́ sí i. Kì í ṣe pé mo ń ro nǹkan kan o. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni mo ṣe jókòó. Ta ló ń mu ọtí lọ́dọ̀ tiwa kí ẹni tó gbé e wá tó tọ́ ọ wò? Odile rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife náà, ó mu díẹ̀, ó fi aṣọ nu ẹnu ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo mu ún. Ó jó mi lọ́fun ju sódabì, ògógóró tiwa, lọ, èéfín sì ń rùn nínú rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Makirée ní erùpẹ̀ irà tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n fi ń dáná sí ọkà tí wọ́n fi ń pọn ọ́n. Erùpẹ̀ tó ń jó! Ó kán omi díẹ̀ sí i fún mi, ó ní omi ló ń jí i lójú oorun. Mo ṣì ń yẹ ife náà wò nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí fèrèsé, mo rí àwọn èèyàn tó ń kọjá lójú títì, mo bá gbé ife náà kalẹ̀. Ohun tí Bàbá Honoré rí nìyẹn. Èmi tí o rán wá ṣọ́ ọ, èmi gan-an ni mo jẹ́ kó mu ún.

Mo wo yàrá náà yíká. Kò sí tábìlì tí Odile kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọkùnrin ará Bè kan tí a jọ jókòó sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá síbẹ̀, gbogbo wọn á jókòó ti ife, wọn ò ní mu ún. Makirée rò pé wọ́n ní wisikí òun kò dára ni, inú bí i, ó fẹ́ ti yàrá náà pa. Odile, tó jẹ́ pé ìdí ààrò nìkan ló ń wà nígbà yẹn, ló jáde wá, ó tọ́ ife kan wò lójú gbogbo wọn, wọ́n bá mu ún. Nígbà tó ṣàlàyé fún Makirée, kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife onígi kan jáde tó ní etí méjì, ó ní láyé àtijọ́ nílùú àwọn, bí ìjòyè méjì bá fẹ́ parí ìjà, inú ife kan yẹn ni wọn yóò ti mu ún, kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ife náà. Ó ti dán lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Nígbà tí Odile wá kó àwo, mo sọ fún un pé ìwọ lo rán mi. Mo sọ ohun tí Bàbá Honoré rí, mo sọ ti ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ó kó àwo lọ, ó pẹ́ lẹ́yìn, nígbà tó padà dé ó ti bọ́ aṣọ ìdáná, ó sì jókòó síwájú mi.

“Fòfó Isidore, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá mi purọ́ fún un,” ló wí. “Ẹ má sọ pé ètè lásán ni mo fi ń kàn án. Mo ń gbé e mì, ó tiẹ̀ ti ń dùn mọ́ mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n mu àmupara? Jámè, láéláé.”

Mo bi í pé kí ni kí n wá sọ fún ọ. Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé.

“Bàbá Honoré rí mi, wọn ò wọlé. Jérôme gbọ́, kò wá. Bí a bá fẹ́ra tán, tí wọ́n tún rí nǹkan míì lára mi, ṣé ẹlòmíì náà ló máa rán sí mi?”

Jérôme, mo ń bínú sí ọ díẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi tí mo gba iṣẹ́ náà. Bàbá Honoré kò parọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ka lẹ́tà yìí sétí ẹbí. Bí wọ́n bá ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mo ń bọ̀. Èyí tí mi ò lè bá ọ sọ ni bóyá o ṣì fẹ́ Odile, ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ.

Thérèse, ọmọ onílé mi, ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ọ̀la. Bá mi kí Màmá, kí o sì kí Bàbá Honoré fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n má rò pé mo ń bá wọn jà. Alàgbà Sàlámì ní kí n kí ọ.

Ohun kan ló kù. Odile sìn mí dé ojú títì, a dágbére, mo ti ń lọ, ló bá pè mí padà. Ó béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin máa ń ti Atakpamé sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lomé. Mo ní ọjọ́ Ẹtì ni èyí tó ń bọ̀. Ó dúró, ó ń fi etí ìró rẹ̀ wé ìka. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa sọ fún Makirée pé òun kò ní wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní tàn ọ́,
                                        Isidore.