Obìnrin Tí A Kò Bi Lẹ́ẹ̀kejì

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá wọn ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wúruwùru bíi ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

O ní kí n fi ìtàn tí a fi dán àwọn dókítà wa wò ránṣẹ́, kí ẹ̀yin náà lè lò ó ní ẹ̀ka ìwòsàn ọpọlọ tiyín. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní fi ránṣẹ́. Má bínú. Kì í ṣe ahun ni mò ń ṣe. Ta ni ò mọ̀ pé èmi kì í fi nǹkan pamọ́, ẹnu mi gan-an kì í dákẹ́. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi ná, kí o tó dá mi lẹ́bi.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bá òṣèré tó ń ṣe bí aláìsàn sọ̀rọ̀, èmi àti ọ̀gá wa á sì máa wò wọ́n láti yàrá kejì lójú ẹ̀rọ tó ń ká wọn sínú fídíò. Èmi ni mo hun ìtàn tọdún yìí. Obìnrin kan ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú sínú omi. Látìgbà náà ló ti ń gbọ́ tí ọmọ ń pè é láti inú ẹ̀rọ omi, ló bá fi àkísà di gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ pa. Mo wá dẹ pàkúté kékeré kan síbẹ̀. Bí dókítà bá bi í pé ṣé ó ń rò ó láti para rẹ̀, á ní rárá. Àfi bí ẹni náà bá sinmi díẹ̀, tó tún fi pẹ̀lẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ni á tó jẹ́wọ́. Orí ìyẹn ni ìwádìí mi dá lé: mo fẹ́ mọ àwọn tó ń bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Òṣèré tuntun la gbà, orí fóònù la ti bá a sọ̀rọ̀, a ò tíì fojú kàn án. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin kan ti jókòó sórí àga inú yàrá náà. Ó ti bọ́ bàtà, ó tò ó sábẹ́ àga bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Mo kí i, mo ní ṣé ó ti ṣe tán. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tètè dé.

Ha, obìnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe! Kò sunkún, kò pariwo. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn dókítà bu omi fún un, ńṣe ló di etí tábìlì mú títí wọ́n fi gbé ife náà kúrò. Ọ̀gá wa tí kì í yin ẹnikẹ́ni sọ sí mi létí pé níbo ni mo ti rí eléyìí. Gbogbo wọn ló bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní rárá. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu, tí wọ́n sì kọjá sórí oorun àti oúnjẹ. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, kí n má purọ́, torí ohun tí ìwádìí mi ń wá gan-an nìyẹn.

Bó ṣe parí la wọlé lọ bá a, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wo ọ̀gá wa, ó wò mí, ó wá rọra sọ pé, "Ẹ̀yin náà ò ní bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rín la fi dá a lóhùn. A rò pé àwọn dókítà yẹn ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

A ò tíì kó ẹrù wa tán nígbà tí ọmọbìnrin kan sáré wọlé, òógùn bò ó, ó ń bẹ̀ wá pé ká má bínú, ọkọ̀ ló bà jẹ́ sọ́nà, fóònù òun sì kú. Òun ni òṣèré wa. Mo bi í bóyá ó fi ìwé ìtàn wa han ẹlòmíràn. Ó búra pé òun ò fi ìwé ìtàn náà han ẹnikẹ́ni, pé inú yàrá òun nìkan lòun ti kọ́ ọ.

A wá obìnrin náà títí. Àwọn nọ́ọ̀sì ò mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń gba aláìsàn sílé ò mọ̀ ọ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àwọn ò tiẹ̀ rántí ẹni tó jọ ọ́. Ọ̀gá wa tù mí nínú. Ó ní ọmọ tí omi gbé lọ ò lóǹkà láyé, pé ìtàn tí mo rò pé èmi ni mo hun, ẹnìkan lè ti máa gbé inú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo jókòó ti fídíò ìdánwò náà nítorí ìwádìí mi. Bí dókítà kan bá ti jáde, tí òmíràn ò tíì wọlé, ètè obìnrin yẹn á máa mì. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, bí ọmọdé ṣe ń kà nídìí eré bojúbojú. Bí ẹlòmíràn bá wọlé, á dákẹ́. Lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn, ká tó wọlé lọ pàtẹ́wọ́ fún un, ó kà á dé ẹ̀wá, ó sì sọ pé, "Mò ń bọ̀ o."

Fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mò ń hun ìtàn náà, ó sọ sí mi lọ́kàn pé eré bojúbojú ni ìyá àti ọmọ jọ ń ṣe, pé inú dúrọ́ọ̀mù omi lọ́mọ lọ sá pamọ́ sí, nígbà tí ìyá dijú tó ń kà. Ọ̀rọ̀ náà burú lójú mi. Mi ò kọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ọ̀gá wa, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi tá a jọ ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n. Obìnrin yẹn ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀, ó wà níbì kan báyìí, àwa tá a mọ̀wé sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìdí tí mo fi fa ìwé náà ya nìyẹn. Kọ́ àwọn dókítà tiyín níṣẹ́ o, àmọ́ fi ìtàn mìíràn kọ́ wọn.

Ọlọ́run á dá àwọn ìbejì sí fún ọ. Wàá jẹun ọmọ, o ò ní fojú sunkún wọn. Orúnkún yẹn á san, wàá fi jó níbi ìgbéyàwó wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Aláròyé.

Dúró ná o: mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí akọ̀wé wa kan ilẹ̀kùn. Ó ní obìnrin kan wà nínú yàrá ìdánwò, pé ó ti bọ́ bàtà, ó sì ń bèèrè bóyá a ṣì ń gba èèyàn wọlé. Mo ní kó ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa, kó sì fi àga kan sí i fún mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Mò ń lọ bi í. Bó bá ní rárá, mi ò ní dìde.