Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Gbẹ̀bí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n gbé alùpùpù tuntun fún mi lónìí. Tuntun lẹ́nu wọn. Àwọn kan ti gùn ún gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n kàn fi ọ̀dà pupa bo àléébù rẹ̀ ni. Ọ̀gá Fáìlì — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọ̀gá wa bẹ́ẹ̀ — ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo gùn ún dé abúlé mẹ́ta, mo yẹ aláboyún méje wò. Kí n tó padà délé, háńdù rẹ̀ ti gbọ̀n ọwọ́ mi méjèèjì títí wọ́n fi kú. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti mú kọ́kọ́rọ́ ilé, mi ò mọ̀ bóyá mo ti mú un tàbí mi ò tíì mú un. Ojú ni mo fi wá a.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Jìgìjìgì.

Ọjọ́rú, 5

Mo sọ fún Ọ̀gá Fáìlì pé máṣíìnì náà ń pa mí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màdámú, ọjọ́ orí ni. Gbogbo wa là ń dàgbà."

Ọjọ́ orí wo? Ẹsẹ̀ mi ò kú. Ojú mi ò kú. Etí mi ṣì ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi di Jìgìjìgì mú nìkan ló wá darúgbó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó jẹ́ pé àga oníyípo ni ẹṣin rẹ̀, òun ló ń kọ́ mi ní ìrìn ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn. Ó burú sí i. Bí wọ́n ṣe nípọn tó ni mo ṣe ń fún háńdù mọ́wọ́ tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọkọ mi gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó wé e mọ́ háńdù. Tíṣà ìṣirò ni, rúlà ló fi wọ̀n ọ́n. Ó ní bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, òun á gbà pé irọ́ ni ìṣirò. Mo gùn ún dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo padà. Ó dín díẹ̀. Àmọ́ ó ti nípọn jù, ìka mi ò ká a mọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fa bíréèkì. Mo tú u. Mi ò jẹ́ kó rí mi nígbà tí mo ń tú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó Káfíńtà. Oyún kẹta, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ìka mi, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́. Mo fọ ọwọ́, mo fi wọ́n ra ara wọn, mo gbé wọn lé e níkùn.

Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan le gbagidi lábẹ́ ìhà mi níbí." Mo tẹ ibẹ̀. Mo ní ìdí ọmọ ni. Mo tẹ ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú káàdì: orí wà nísàlẹ̀.

Ó dá mi lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Àwọn mẹ́rin ṣì ń dúró dè mí lábúlé kejì.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo fi àsìkò oúnjẹ mi gbé Jìgìjìgì lọ bá Bàbá Mẹkáníìkì lẹ́yìn ọjà. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tó dìde, inú ń bí i bíi pé òun ló ni ọwọ́ mi.

Ó ní rọ́bà tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ti gbó, dípò kí ẹni tó tún un ṣe wá òmíràn, ṣe ló de irin mọ́ irin. Ó ní irin kékeré méjì tó wúwo máa ń wà ní ìparí háńdù lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pa ìgbọ̀n náà. Wọ́n ti yọ méjèèjì. "Nọ́ọ̀sì, wọn ò fi rọ́bà sí i, ìwọ ni wọ́n wá sọ di rọ́bà."

Ó tún ní kí n yé fún un pa. Kí n dì í mú bí ẹni di ẹyin mú, kí n jẹ́ kí ìgúnpá mi tẹ̀ díẹ̀, kí n máa dúró na ọwọ́ lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní òun lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sán kan.

Ọ̀sán kan péré.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ọ̀gá Fáìlì ní dúkìá ibi iṣẹ́ ni máṣíìnì, mẹkáníìkì ìta ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí n kọ̀wé. Mo kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dá a padà: fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé ni, kì í ṣe funfun. Mo béèrè aláwọ̀ ewé. Ó ti tán.

Mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ láìpa á dé, torí ó kórìíra rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀san tí agbára mi ká.

Ọjọ́ Ajé, 17

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọkọ mi ní kí n dijú kí n na ọwọ́. Ó fi nǹkan sí i. Mo ní bọ́tìnnì ni. Èso àgbàdo ni. Ó tún fi òmíràn sí i. Mo ní kò tíì fi nǹkan kan sí i. Mo la ojú: bọ́tìnnì wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá wọn, má lọ mọ́." Mo ní bí mi ò bá lọ, ta ni yóò lọ? Mo jágbe mọ́ ọn, kò sì ṣẹ̀ mí.

Ikùn mẹ́tàdínlógójì ni mo ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí Jìgìjìgì ti dé. Lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ yẹ wọ́n wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ìpàdé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àkòrí rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa tètè dé. Mi ò lọ ibì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mi ò lè kọ̀wé lánàá.

Káfíńtà pè mí ní aago méje òwúrọ̀ àná, ó ní ìyàwó òun ti ń rọbí ṣáájú àsìkò. Mo gun Jìgìjìgì, mi ò dúró na ọwọ́ níbì kankan. Nígbà tí mo dé, ìdí ọmọ ló ti ń yọ. Orí tí mo kọ sínú káàdì pé ó wà nísàlẹ̀, abẹ́ ìhà ló wà, níbi tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn mí.

Ó ti pẹ́ jù láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbàdúrà sí ìka mi. Ara jáde. Apá òsì há sókè lẹ́yìn orí. Mo ki ìka wọlé láti sọ ọ́ kalẹ̀, ìka mi ò sọ nǹkan kan fún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fà á tó.

Ó pẹ́ kó tó ké. Ó ké ṣá. Ọmọbìnrin. Apá òsì rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ bí apá ẹ̀wù tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá; dókítà ibẹ̀ ní iṣan ọrùn ló nà. Ó lè padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀. Ó lè má padà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ọ̀gá Fáìlì pè mí, ó fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó fà mí ní àga. Káàdì náà wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ a máa yí padà nínú ikùn, ṣé ẹ mọ̀? Nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, orí wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi." Ó wá ti bébà kan sọ́dọ̀ mi: àṣẹ pé kí Bàbá Mẹkáníìkì tún máṣíìnì ṣe. Ó ti bu ọwọ́ lù ú. Bébà funfun ni.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó tù mí lára. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó tù mí lára.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ọkọ mi ní kí n dákẹ́. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni wọ́n ń wí, àmọ́ ẹnu tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kò sùn dáadáa. Èmi náà ò sùn.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sọ́dọ̀ Ìyàwó Káfíńtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: máṣíìnì, rọ́bà, irin, fọ́ọ̀mù, Ọ̀gá. Mo sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, bí mo ṣe ń sọ ọ́ síbí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbọ́ mi tán. Ó gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ yín ti kú lọ́jọ́ tí ẹ tẹ ikùn mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sì mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi. Ǹ bá ti wá ẹlòmíràn láti tẹ̀ ẹ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Mo ti bínú sí gbogbo ayé, kò sí ọjọ́ kan tí mo bínú sí èmi tí mo gbé ọwọ́ òkú lé ikùn alààyè. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, òun ò ní agbára láti máa wo ẹni tó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi tiyín sílẹ̀ o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Aago mẹ́jọ ni mo gbé e lé tábìlì Ọ̀gá Fáìlì. Mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó jù ú lọ, òmíràn wà lọ́wọ́ Káfíńtà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Ó ní, "Màdámú, orúkọ yín lẹ kọ́kọ́ kọ síbi ẹni tó jẹ̀bi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ máa kà á lọ. Tiyín ló tẹ̀lé e."