Ìwé Tí Wọn Ò Tíì Bí

Hajarat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ará Gulfton ní Houston tí ẹ jọ ń gbé. Ṣé òtútù ẹ̀rọ tí ẹ ń tàn sínú ilé ò tíì dá ọ dùbúlẹ̀? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ nípa ẹ. Ara tèmi náà le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àti ìwọ.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń pè ọ́ lórí fóònù Alhaji Khalid aládùúgbò wa. Ìgbàkigbà tí mo bá pè, wàá gbé e, wàá máa sọ òyìnbó sí ìyá ẹ létí bí ẹni ń kàwé, o ò kí mi, fóònù á wá dún pìì, wàá dákẹ́. Mo ní Hajara, èmi ni o, o dákẹ́. Mo bú ọ, o dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà lo tún sọ! Ṣé ìwà tí ẹ ń kọ́ ní Houston nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ Ẹkúndayọ̀ ará rédíò ni mo sì fẹ́ sọ. Ìwé tí o kọ nípa bàbá ẹ, bó ṣe wa lọ́rì lọ Kùmásí tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́ títí a fi rò pé ó ti kú, o ní oṣù kẹsàn-án ni yóò jáde. Ó dáa. Èwo wá ni kí ọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá bá mi nínú oṣù kẹta pé òun gbọ́ nípa ìwé? Ta ní ń sọ oyún fún àlejò? Nígbà tí mo lóyún ẹ, ìyá ọkọ mi gan-an ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi, àfi ìgbà tí ikùn fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Mo ní mi ò mọ ìwé kankan, mo lé e jáde.

Àṣé mo ti dáràn. Lẹ́tà ẹ tí Bíyìí mú dé láti ọ̀dọ̀ yín sọ pé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé yín ló rán ọkùnrin náà sí mi, pé iṣẹ́ tìẹ níbẹ̀ ni kí o ta ìtàn inú ìwé fún rédíò àti oníwèé ìròyìn kí ìwé tó jáde, torí tó bá ti jáde tán, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn mọ́. O ní bí o ò bá rí i tà, Helen ọ̀gá ẹ á ní kí o máa lọ ilé. Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ ọmọ yìí?

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn, mo bẹ Ẹkúndayọ̀. Ó ní kò burú, kí n buwọ́ lùwé kí àwọn sanwó fún yín. Owó kẹ̀? Mo ní ọmọ mi kì í ta bàbá ẹ̀, kó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ẹ̀. Mo jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀, lọ́rì, ibà, ẹ̀wọ̀n, títí dórí bí bàbá ẹ ṣe padà dé, tó kan ilẹ̀kùn tí mo rò pé iwin ni. Láti Jímọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e jáde, tòun ti ìparí ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ Ùsáínì ọkọ mi nínú rédíò, mo sunkún. Sọ fún Helen pé rédíò ti gbà á, kó fọkàn balẹ̀.

Tí Helen bá yìn ọ́ tán, fi owó ọkọ̀ mi ránṣẹ́, kí o sì ra fóònù tó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ mi, ìwé tí o gbé sínú yìí, wàá fi ayọ̀ bí i. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ kí àkókò ẹ̀ tó pé.

Èmi ìyá ẹ,
Ramlat